Ìdè Tó Bá Orúnkún Mi Mu

Orí àpáta ni mo jókòó sí, ní ìdajì ọ̀nà láti orí òkè sí ìlú Ògìdì. N kò lè padà gòkè, n kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ti mú, koríko ti gbẹ, mo sì ń wo òrùlé páànù nísàlẹ̀ bí ohun tí ọwọ́ lè tó. Àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo kó lẹ́yìn ti dé ìdí igi kajú kí wọ́n tó rí i pé n kò tẹ̀lé wọn. Àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi ló sáré padà wá. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá kí n pọ̀n yín."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìdè orúnkún, aṣọ tó ń fún mọ́ra tí wọ́n ń wọ̀ sí orúnkún tó ń dùn, tí mo rà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ti yọ̀ wálẹ̀, ó ti ká jọ sí ojúgun. Orúnkún tí mo tìtorí rẹ̀ rà á wà níta gbangba, ó ti wú díẹ̀, ó sì ń ta mí bí ẹni fi ẹyín iná sí i.

N kò jẹ́ kó pọ̀n mí. Ó gé igi fún mi, mo fi ṣe ọ̀pá, a sì rọra ń sọ̀. Ìlọ́po méjì àkókò tí a fi gòkè ni a fi sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé ọ̀nà ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò ní ra ohunkóhun sí orúnkún mi mọ́ láìmọ ohun tí mo ń rà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé mo mọ iye àwọn ẹgbẹ́ mi, ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, tó ń wọ ìdè yìí lọ sóko àti sórí òkè, tí ó sì ń ṣe wọ́n ní ibi ju ire lọ.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, lè bi mí pé kí ni olùkọ́ ẹni ọdún 54 ń wá lórí òkè. Orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun Tápà, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti Bídà ń kó ènìyàn lẹ́rú ní gbogbo agbègbè wa. Ẹṣin kò lè gun àpáta. Ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa wá sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a wà títí di òní. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi gòkè. Ó fi ojú ọlọ hàn mí lára àpáta, níbi tí àwọn ìyá wa ti lọ ọkà títí òkúta fi jìn. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi sínú kòtò náà. N kò gbàgbé bó ṣe dán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó àwọn ọmọ gòkè lọ́dọọdún bí wọ́n bá wálé fún ọdún Kérésì, kí àwọn náà fi ọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, orúnkún tí kò jẹ́ kí n gòkè mọ́ kì í ṣe ọ̀ràn kékeré lójú mi.

Ìrora náà kò dé lójijì. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń gbọ́ ọ bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé, tàbí bí mo bá jókòó pẹ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí mo sì fẹ́ dìde. Ní gígòkè, kò sí nǹkan. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà, nítorí èrò mi ni pé gígòkè ló le. Èémí ni òkè ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún. Ìsọ̀kalẹ̀ ni orúnkún fi ń jìyà. Bí a bá ń sọ̀, gbogbo ìwúwo ara ń já lé ẹsẹ̀ tó wà níwájú, iṣan iwájú itan sì ní láti máa dì í mú bó ti ń nà lọ, bí ẹni tó ń fi okùn rọra sọ korobá sínú kànga. Bí iṣan yẹn bá ti rọ, egungun pẹlẹbẹ tó wà lójú orúnkún á máa tẹ egungun itan ní ìtẹ̀ tí kò yẹ. Ohun tí mo mọ̀ báyìí nìyẹn. Nígbà náà, òrí àti róòbù ni mo ń fi pa á, mo sì ń gbé oògùn ìrora mì bí ẹni gbé ẹ̀pà mì, láìmọ̀ pé oògùn bẹ́ẹ̀, bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà, lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí mo ṣe ra ìdè àkọ́kọ́ rèé. Mo wọ ilé oògùn kan, mo ní mo fẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀ sí orúnkún. Ọmọ tó ń tajà wò mí láti ẹ̀yìn káńtà, ó ní, "Sà, ẹ̀yin ènìyàn ńlá ni, XL ló máa gbà yín." Mo san 6,000 náírà. Kò wọn ẹsẹ̀ mi, èmi náà kò sì ní kó wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ aránṣọ mi kò lè gé ṣòkòtò fún mi láìfa téèpù yọ, ṣòkòtò kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe fún egungun. Òun ni ìdè tó yọ̀ wálẹ̀ lórí òkè.

Lẹ́yìn ọ̀ràn Oṣù Kejìlá yẹn, mo gbà pé fífún ni àtúnṣe rẹ̀. Mo ra M. Àsìkò kajú ló bọ́ sí, tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ṣa kajú lábẹ́ igi, oòrùn oṣù Kẹta sì ń jó ni. Mo wọ̀ ọ́ láti aago méje. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti kú, ó ń ta mí ṣínṣín, ojúgun mi ti wú lábẹ́ ìdè náà. Mo bọ́ ọ, ojú rẹ̀ fi ilà jíjìn sí itan mi yíká, ilà náà sì wà níbẹ̀ títí di alẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ara mi sú níbi tó ti wà, ó ń yún mí. Ìyàwó mi ló gbé e kúrò nílẹ̀, ó ní kí n má tún wọ̀ ọ́ mọ́, kí n lọ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ló sọ. Oṣù márùn-ún ṣáájú ni ó yẹ kí n ti lọ.

Lọ́kọ́jà ni mo lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló bójú tó mi, físíò ni, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ọmọ Yàgbà. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi ló ti kí mi, "Òkun o, Bàbá." Mo rò pé yóò ní kí n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kíá, àmọ́ ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí, ó sì pẹ́ lórí ìbéèrè náà ju orí ẹsẹ̀ mi lọ. Ìgbà wo ló ń dùn mí? Ṣé orúnkún náà ń há, tí n kò lè nà án mọ́? Ṣé ó ń yẹ̀ lábẹ́ mi? Ṣé mo gbọ́ kí nǹkan já nínú rẹ̀ rí? Ó wá ní, "Ẹ fi ìka kan ṣoṣo hàn mí ibi tó ń dùn yín." N kò lè fi ìka kan hàn án. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ra ojú orúnkún. Ó ní ìdáhùn nìyẹn náà: ẹni tí ìrora rẹ̀ wà ní abẹ́ tàbí àyíká egungun ojú orúnkún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ti ẹ̀ wà ní okùn iṣan tó so egungun yẹn mọ́ ojúgun á fi ìka kan tẹ ibẹ̀ gan-an.

Ó gbé àpótí kan kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó ní kí n gun un, kí n fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ṣe é. Nígbà tó kan ọ̀tún, orúnkún mi tẹ̀ sínú, ìdí mi sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fa téèpù yọ, ó wọn itan mi méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 15 lókè àárín orúnkún. Òsì jẹ́ 48. Ọ̀tún, èyí tó ń dùn mí, jẹ́ 46. Itan ẹsẹ̀ náà ti gbẹ, n kò sì mọ̀. Mo ti ń ṣàánú rẹ̀ láti ọdún kan, mo ń gbé ara lé èkejì, iṣan tó yẹ kó dáàbò bò ó sì ń rọ lọ.

Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, tó kó oríṣiríṣi ìdè jáde sórí tábìlì. Títí di ọjọ́ yẹn, èrò mi ni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn, pé iye owó ló yà wọ́n. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìrora kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Èyí tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó kàn ń fún orúnkún mọ́ra, ń mú orúnkún gbóná, ó ń dín wíwú díẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí ara mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Kò lè di egungun tó ń yẹ̀ mú. Èyí tó ní ihò níwájú, tí wọ́n fi òrùka rírọ̀ yí ihò náà ká, wà fún irú ìrora tèmi: òrùka yẹn ń tọ́ egungun ojú orúnkún kó má ṣe máa yà bàrá. Tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà bí bẹ́líìtì, abẹ́ ojú orúnkún nìkan ni wọ́n ń dè é sí, fún ẹni tó fi ìka kan hàn.

Èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó ń ká tó ń nà bí irin ilẹ̀kùn, ni mo ti fojú sí láti ìgbà tí mo ti wọlé, nítorí pé ó dà bí ohun tó lágbára jù. Ó rí ojú mi. Ó ní, "Bàbá, èyí kì í ṣe tiyín." Ọmọ àbúrò mi kan ni mo wá rántí. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá, ó yí padà lójijì, ó gbọ́ kí nǹkan dún nínú orúnkún, láti ọjọ́ náà ni orúnkún rẹ̀ ti ń yẹ̀ bó bá fẹ́ yà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí okùn tó so egungun mọ́ egungun ti já tàbí tó ti nà jù, ni irin yẹn wà fún, dókítà ló sì yẹ kó ní kó wọ̀ ọ́. Ó wúwo, ó gbóná, bí a bá sì fi gun òkè láìnídìí, irin náà á máa ha itan, á sì yí bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé ara padà.

Oríṣi kan tó kù wà fún àwọn tí làkúrègbé ti jẹ inú orúnkún wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹsẹ̀ sì ti wọ́. Ó ń ti orúnkún sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹ̀gbẹ́ tó ti jẹ náà lè sinmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Iye Àgbà, lo ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó dára fún un nígbà tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò lè fara dà á lọ sóko, ó ní ooru rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni ọ̀pá, nígbà tí ẹnì kan kọ́ ọ pé ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kó fi mú un. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti ń mú un ní ọwọ́ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn.

Mo wá ka nǹkan kún ohun tí físíò sọ nígbà tí mo délé. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò sọ ohun kan náà lórí ìdè fún làkúrègbé orúnkún. Ìlànà American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà làkúrègbé ní Amẹ́ríkà, ti 2019 rọ àwọn dókítà gidigidi láti lò ó fún ẹni tí àrùn náà ti ń dí ìrìn rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tí orúnkún rẹ̀ kò dúró déédéé mọ́, tàbí tí ìrora ń pọ́n lójú. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2022, ní kí wọ́n má ṣe máa fún gbogbo ènìyàn, àfi bí orúnkún bá ń yẹ̀ tàbí tí ẹrù ara kò bá jókòó sórí rẹ̀ dáadáa, tí eré ìdárayá nìkan kò sì ràn án lọ́wọ́. Lójú tèmi, ibì kan ni méjèèjì ti pàdé: ìdí gbọ́dọ̀ wà tí a fi wọ̀ ọ́, ẹni tó yẹ ẹsẹ̀ náà wò ló sì lè sọ ìdí yẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà kò lè sọ ọ́.

Ọ̀ràn wíwọ̀n ni mo fẹ́ dúró lé jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì. Téèpù aránṣọ ti tó. Kí ènìyàn bọ́ ṣòkòtò, kí ó má wọ̀n ọ́n lórí aṣọ. Kí ó dúró, kí ẹlòmíràn bá a wọ̀n ọ́n, nítorí bí a bá bẹ̀rẹ̀ fúnra wa, iṣan á le, iye á sì yí padà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó fẹ́ kí a wọ̀n: òmíràn ní àárín ojú orúnkún, òmíràn ní itan sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí 15 lókè rẹ̀, òmíràn fẹ́ ti ojúgun pẹ̀lú. Ó máa ń wà lára páálí. Ibi tí páálí bá ní kí a wọ̀n ni kí a wọ̀n, kí a sì wo tábìlì tó wà níbẹ̀, nítorí L ti ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ M níbòmíràn. Lẹ́tà yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan fúnra rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà ni ẹ̀rí. Bí orúnkún bá máa ń wú sí i lálẹ́, kí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìrìn, kí a má wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ nìkan. Orúnkún tó ń dùn gan-an ni kí a wọ̀n, kì í ṣe èkejì rẹ̀.

L ni tèmi jẹ́, láàárín XL tó yọ̀ àti M tó fún mi pa. Físíò ní kí n wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí n má tíì sanwó. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ etí rẹ̀ lókè láìjà. Ó ní kí n rìn yíká ọgbà, kí n jókòó, kí n dìde, kí n sọ̀ lórí àtẹ̀gùn wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó tẹ èékánná ẹsẹ̀ mi, ó wo bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń padà kíá. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ń kú, bóyá ó tutù. Ó ní kí n ká orúnkún dáadáa kí òun lè rí i bóyá aṣọ rẹ̀ ń di pọ̀ ní ẹ̀yìn orúnkún, nítorí ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni awọ máa ń bó jù. Èyí tí mo rà ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn. Mo rò pé nǹkan kékeré yẹn ló jẹ́ kí n lè wọ̀ ọ́ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà, tí àwọn tó ń ṣe é ní ilẹ̀ òtútù lè má rò bí tiwa. Oríṣi dúdú tó nípọn, tó dà bí rọ́bà, tí wọ́n ń pè ní neoprene, ń mú orúnkún gbóná, ìyẹn sì lè dára lásìkò ọyẹ́ ní òwúrọ̀. Ní oṣù Kẹta, abẹ́ rẹ̀ á di omi. Èyí tí wọ́n fi òwú hun ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí rọ́bà bá máa ń mú ara rẹ sú, kí o kà á lára páálí bóyá látẹ́ẹ̀sì, ìyẹn oje igi rọ́bà, wà nínú rẹ̀. Kí a má fi òrí tàbí róòbù pa orúnkún kí a tó wọ̀ ọ́ sórí rẹ̀, ìdè á yọ̀, awọ á sì jóná.

Èèmọ́ ńkọ́? Kò sí páálí tó máa kọ ìyẹn sí. Lásìkò ọyẹ́, gbogbo ọ̀nà òkè wa ni èèmọ́ bò, ibi tí okùn ìdè fi ń lẹ̀ mọ́ra ni ó sì fẹ́ràn jù. Nígbà tó bá ti kún ibẹ̀, okùn kò ní lẹ̀ mọ́, ìdè á bẹ̀rẹ̀ sí tú ní àárín ọ̀nà. Mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò, mo sì ń wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ lé ìdè náà lórí kí koríko má ṣe kàn án rárá. Bí mo bá délé, mo ń pa àwọn okùn rẹ̀ dé, mo ń fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì ń sá a sí ibòòji. Oòrùn ti sọ M tí mo rà di gbígbẹ pàrá láàárín oṣù kan. N kì í sì wọ̀ ọ́ sùn.

Físíò kò jẹ́ kí n mú ìdè náà lọ láìbá mi ṣe àdéhùn. Eré ìdárayá lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí ronú òkè. Kí n jókòó sórí àga, kí n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí n dì í mú níbẹ̀. Kí n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, nítorí iṣan ìdí ló ń jẹ́ kí orúnkún má tẹ̀ sínú. Kí n lo búlọ́ọ̀kù kan ní ẹ̀yìnkùlé, kí n máa sọ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú dígí. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2005, lórí àwọn àgbàlagbà tó sanra tí wọ́n sì ní làkúrègbé orúnkún: kílò kan tí ènìyàn bá jò, kílò mẹ́rin ni ẹrù tó fi ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo jò ní kílò 5. Ẹ bá mi rò ó lórí ìṣísẹ̀ tó wà láti òkè yẹn dé ilẹ̀.

Ó sì ní kí n máa lo ọ̀pá méjì bí mo bá ń sọ̀, kí wọ́n gùn díẹ̀ ju èyí tí mo fi ń gòkè lọ, kí wọ́n kan ilẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Ọ̀pá ń gba lára ẹrù orúnkún. Igi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gé fún mi lọ́jọ́ yẹn ti ṣiṣẹ́ ju ìdè XL lọ, èmi ni n kò mọ ohun tó kọ́ mi.

Nǹkan kan wà tó ń dùn mí láti sọ, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Aládùúgbò wa kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, rí ìdè tèmi, ó ra tirẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó gbóná bí ẹni ní ibà. Ó dè é mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni mo bá a sọ ọ́ kó tó lọ sí ilé ìwòsàn, kòkòrò àrùn ni wọ́n bá nínú oríkèé náà. Ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ ó pẹ́ kó tó yá. Orúnkún tó gbóná tó pọ́n pẹ̀lú ibà, èyí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó há tí kò ṣeé nà, tàbí ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó wú lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo tó sì ń dùn, ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn, ọjọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má di ìdè mọ́ ọn.

Oṣù Kejìlá tó tẹ̀lé e, itan ọ̀tún mi ti padà di 47 àti ààbọ̀. A tún gòkè, àwa mẹ́rin náà, pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 9. N kò wọ ìdè náà ní gígòkè, inú àpò ló wà. Lórí òkè, mo fi ọwọ́ ọmọ náà sínú ojú ọlọ. Ó bi mí pé ta ló gbẹ́ ẹ, mo sì jókòó, mo sọ fún un.

Nígbà tí oòrùn yí, mo fa ìdè náà yọ, mo tò ó mọ́ orúnkún kí ihò rẹ̀ bá ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, mo fi ìka méjì wò ó. A dé ìdí àpáta ọjọ́sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó wẹ̀yìn, ó ń wò mí. Mo na ọ̀pá méjèèjì síwájú, mo sọ̀ kọjá ibẹ̀. Ní ìdí igi kajú ni mo tó jókòó, mo tú okùn náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ èèmọ́ kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.